Ìyá Tó Fi Kọ́kọ́rọ́ Lé Wọn Lọ́wọ́

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1946, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí ọgbà kóòtù, ni a bí olóògbé, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Màmá Ẹ-Jókòó-Ná. Bàbá rẹ̀ ni òǹgbifọ̀ kóòtù náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbọ́ èdè mẹ́rin, ọmọ àgbẹ̀ tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé wọn tó mọ̀wé. Ìyá rẹ̀ jẹ́ aránṣọ, ọmọ àwọn oníṣòwò aṣọ. Olóògbé ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ ló sì máa ń jí gbogbo wọn láàárọ̀.

Bó bá ti ilé ìwé dé, á lọ dúró lẹ́nu fèrèsé kóòtù, á máa wo bàbá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣàkíyèsí pé adájọ́ kì í wo ojú ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́. Ẹnu bàbá òun ló ń wò. Nígbà tí wọ́n délé lọ́jọ́ kan, ó béèrè pé, “Bàbá, tí ẹ bá fi irọ́ kún ọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́?”

Bàbá rẹ̀ ní, “Ta ló máa mọ̀? Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í ṣe é.”

Ní ọdún 1952 ló bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ilé ẹ̀kọ́ gíràmà àwọn obìnrin ní 1964. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé èsì rẹ̀ pé ọmọ yìí mọ̀wé, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n má yọ ọ́ lẹ́nu, pé láti inú oyún ló ti ń ta òun nípàá bẹ́ẹ̀. Ní 1965, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Nígbà tó jáde ní 1968, wọ́n fi í sí wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi àdúrà sá fún. Kò ṣàdúrà kankan. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti bá a pàdé. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní kó kan àpótí oògùn fún wọ́ọ̀dù, ó sì gbé e dé lẹ́yìn ọjọ́ tó dá. Olóògbé bá a wí lójú àwọn aláìsàn, débi pé ọ̀kan nínú wọn bá ọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, káfíńtà tún padà wá pẹ̀lú àpótí ìjókòó kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kejìlá ọdún 1970. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ ní, “Káfíńtà kẹ̀? Pẹ̀lú gbogbo ìwé tó o kà yìí?” Ó dá wọn lóhùn pé, “Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dókítà, ṣé kì í ṣe àga ilé yín ló ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ yẹn?” Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin jíǹkí wọn.

Ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ní wọ́ọ̀dù. Aláìsàn á gbádùn, á lọ sílé, oṣù díẹ̀ sí i wọ́n á tún gbé e padà. Oògùn kan náà, bẹ́ẹ̀dì kan náà. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó dà bíi pé ojú pópó ló ń dá wọn padà fún àwọn. Ní 1979, nígbà tí àbíkẹ́yìn wọn kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ, ó wọ yunifásítì. Ìmọ̀ nípa ọkàn ènìyàn láàárín àwùjọ ló lọ kọ́: bí ilé tí ènìyàn ń gbé, èdè tó ń sọ, àti ẹni tó ní agbára lórí rẹ̀ ṣe ń wọ inú àìsàn rẹ̀. Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó ní, “Màmá, tí ènìyàn bá ń sunkún, dókítà á wo ojú rẹ̀. Èmi fẹ́ wo ẹni tó dúró tì í.”

Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, “Ilé ìwé wà fún ìyẹn náà? Ọ̀fẹ́ la fi ń ṣe é níbí.”

Ọkọ rẹ̀ ló dúró ti àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún yẹn. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń di irun. Àwọn ọmọ obìnrin rẹ̀ ṣì máa ń sọ pé gbogbo dídì rẹ̀ ló tọ́ bí etí pákó.

Ní 1983, wọ́n fi olóògbé ṣe alábòójútó Ilé Ìgbàmọ̀ràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìlú, níbi tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo ti ń wá sọ̀rọ̀. Inú ọkọ rẹ̀ dùn. Ó fi igi líle kan tábìlì ńlá fún ọ́fíìsì rẹ̀, tábìlì onídúrọ́ọ̀ mẹ́fà tó ń dán bíi dígí. Olóògbé yí i po lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní, “Ó rẹwà gan-an, bàbá àwọn ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ.”

“Kí ló ṣe é?”

“Kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ló máa dà bí adájọ́.”

“Iṣẹ́ oṣù kan gbáko nìyí o.”

“Mo mọ̀. Ẹ bá mi fi ṣe àga.”

Ọkọ rẹ̀ gbé tábìlì náà padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó fa ayùn yọ. Àwọn àga tó ti inú tábìlì yẹn jáde ga bákan náà, kò sí èyí tó ní apá, kò sí èyí tó ní tìmùtìmù ju èkejì lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé, ìbáà ṣe ọlọ́pàá, ìbáà ṣe alágbàfọ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ń gbọ́ ni, “Ẹ jókòó ná.” Onírúurú ènìyàn ló ń gbé ìlú náà, àwọn kan kò sì gbọ́ èdè wa ju gbólóhùn yẹn lọ. Òun ni wọ́n sọ di orúkọ rẹ̀.

Ohun tí ẹbí fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ̀ jù lọ ni èyí tó ṣẹlẹ̀ láti ọdún 1988. Àwọn ará etí omi jẹ́ apẹja àti alátùn-únṣe àwọ̀n, tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, tí èdè wọn kò jọ tiwa rárá. Wọn kì í wá sí ilé ìwòsàn, àfi tí ọ̀ràn bá ti bàjẹ́. Àwọn ènìyàn ìlú ní wọ́n gbéra ga. Olóògbé ní kí wọ́n jẹ́ kí Ilé Ìgbàmọ̀ràn lọ bá wọn níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà lágbègbè náà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Alága. Ó gbọ́ èdè méjèèjì, òun ló sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilé tí wọ́n háyà. Ọlọ́yàyà ènìyàn ni. Ó yọ̀ǹda pálọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, ó sì ń gbifọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, àwọn obìnrin ń wọlé, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ díẹ̀, Alága á sì ní, “Wọ́n ní àlàáfíà ni. Wọ́n ní ẹ ṣé.”

Obìnrin ọ̀dọ́ kan wà nínú wọn, alátùn-únṣe àwọ̀n, tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kú ní ìgbà òjò. Òun náà ń wá. “Ó ní àwọn dúpẹ́,” ni Alága ń sọ.

Nígbà tó tó ọdún kan àbọ̀, olóògbé dúró níwájú ìgbìmọ̀ tó ń darí Ilé Ìgbàmọ̀ràn, ó sì jábọ̀ pé kò sí ìṣòro tó le ní etí omi. Olórí ìgbìmọ̀, ọ̀gá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Tí kò bá sí ìṣòro, kí là ń ṣe níbẹ̀? A ó ti yàrá yẹn ní ìparí ọdún.” Kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn, nítorí ọ̀rọ̀ olóògbé fúnra rẹ̀ ló gbá mú.

Kí oṣù náà tó parí, wọ́n gbé alátùn-únṣe àwọ̀n náà wọ wọ́ọ̀dù. Kò jẹun mọ́, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Olóògbé sáré lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ayanja tó ń yan ẹja tà, tó sì mọ èdè wa díẹ̀, ló jókòó tì í.

Olóògbé ní, “Ṣebí ó ń wá bá mi! Kí ló dé tí kò sọ fún mi?”

Ayanja wò ó tìyanu-tìyanu. “Sọ kí ni? Òjò ń jò sí ọmọ lára lórí ibùsùn, ọmọ ń wúkọ́, ọmọ kú. Ẹni tó ni òrùlé ló san owó pósí. Òun náà ló ń bá yín sọ ohun tí a sọ. Màmá, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ẹ máa sọ ọ́?”

Olóògbé jókòó. Ó dé ilé lọ́jọ́ náà, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, “Èmi, ọmọ òǹgbifọ̀! Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi ń wo ẹnu rẹ̀.” Kò sunkún. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dáadáa, bí ẹni pé àlejò ń bọ̀.

Ó mọ ohun tó wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá ti yàrá náà, obìnrin yẹn á ti wọ́ọ̀dù padà sínú ilé tó ń jò, láìsí ẹni tó lè gbọ́ ohùn rẹ̀, àwọn tó kù á sì máa dúpẹ́ lọ títí. Ó lọ bá Alága ní ilé rẹ̀.

“Bàbá, mo wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ yín.”

“Kí ni, Màmá? Ẹ kàn sọ ọ́.”

“Kí ẹ má wá síbi ìjókòó wa mọ́.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó dìde. “Nínú pálọ̀ mi? Àga mi lẹ jókòó sí, ẹ ní kí n má wá?”

“Ìdí nìyẹn tí a ó fi kó kúrò níbẹ̀ náà.”

“Kí ni mo ṣe yín?”

“Oore lẹ ṣe wá, Bàbá. Oore yín ló jẹ́ kó nira fún wọn láti sọ̀rọ̀.”

“Ó dáa. Ta ló máa wá gbifọ̀ fún yín?”

“Mo máa kọ́ èdè náà.”

“Pẹ̀lú ọjọ́ orí yín yìí?”

“Ọjọ́ orí mi kò tíì dí mi létí.”

Alága kò sìn ín jáde. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń gba ọ̀nà míì tó bá rí i lókèèrè.

Olóògbé háyà ilé onípákó kan tí wọ́n ń kó àwọ̀n sí, ó sì ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ láti kọ́ èdè. Ayanja ni olùkọ́ rẹ̀. Kì í gbóríyìn fúnni lásán. Tí olóògbé bá sọ gbólóhùn kan, ayanja á ní, “Ó kù díẹ̀. Ó kù púpọ̀, àmọ́ mo ní ó kù díẹ̀.” Ilé onípákó yìí ló tún là á lójú sí nǹkan kejì. Àwọn ará etí omi kì í sọ ìbànújẹ́ fún ẹni tó bá tẹjú mọ́ wọn. Bí ọwọ́ wọn bá dí, tí ojú gbogbo wọn wà lára àwọ̀n, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ń jáde, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé àwọ̀n ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Ó ti gbé àwọn àga ọkọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, àwọn àga tí a fi ojú kojú tò. Ó ní kí wọ́n kó wọn padà wálé. Ọkọ rẹ̀ béèrè bóyá ó tún fẹ́ kí òun fi ayùn gé wọn ni. Ó ní rárá, àwọn àga yẹn dára, ibi tí òun gbé wọn lọ ló ní ìjókòó tirẹ̀.

Òun náà wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún àwọ̀n ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á. Tó bá ti ta kókó kan tán, obìnrin tó jókòó tẹ̀ lé e á rọra tú u, á tún un ta, kò sì sẹ́ni tó ń sọ nǹkan kan. Ẹ̀yìn oṣù mélòó kan ni alátùn-únṣe àwọ̀n tí ọmọ rẹ̀ kú jókòó sí àárín wọn, tí ó sì sọ̀rọ̀. Ó pe orúkọ ọmọ náà. Ó sọ bí òrùlé ṣe jò. Olóògbé gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, láìsí ẹnu ẹnikẹ́ni láàárín. Ohun tí obìnrin náà sọ tẹ̀ lé e kò sí nínú ìtàn yìí, nítorí olóògbé kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ rẹ̀.

Ìparí ọdún dé, ìgbìmọ̀ sì ń bọ̀ wá ti ilé. Ní àkókò yẹn gan-an, orúkọ olóògbé ló wà níwájú fún ipò ọ̀gá àgbà gbogbo Ilé Ìgbàmọ̀ràn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ó bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n wá jókòó nínú ilé onípákó, kí àwọn ará etí omi fúnra wọn dá wọn lóhùn. Wọ́n yan ayanja. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ wá, wọ́n jókòó sórí ìtì àwọ̀n pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ sí.

Olórí ìgbìmọ̀ béèrè pé, “Ṣé ẹ nílò ilé yìí lóòótọ́?”

Ayanja ní, “Ẹ kọ́kọ́ dáhùn tèmi. Tí a bá ní a nílò rẹ̀, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa wà?”

“Ọwọ́ alábòójútó. Bí òfin wa ṣe sọ nìyẹn.”

“Tí alábòójútó bá bínú sí wa lọ́jọ́ kan ńkọ́? Tí wọ́n bá gbé ẹlòmíì wá, tí kò gbọ́ èdè wa?”

Olórí ìgbìmọ̀ yíjú sí olóògbé, ó ní, “Màmá, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n.” Ọ̀rọ̀ tó lè fi dé ipò ọ̀gá àgbà ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ yẹn. Kò ju kó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, mo wà níbẹ̀,” wọn ì bá sì gbà, nítorí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ náà jáde, ó dìde, ó sì fi lé ayanja lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn.

Ó ní, “Ẹ má bi mí ní nǹkan tí mo ti fi sílẹ̀. Àwọn ni kẹ́ ẹ bi.”

Ayanja di kọ́kọ́rọ́ mú. “A nílò rẹ̀,” ni ó wí.

Wọn kò ti ilé náà. Wọn kò sì fi olóògbé ṣe ọ̀gá àgbà. Wọ́n ní kò bọ̀wọ̀ fún òfin. Ọkọ rẹ̀ gbaná jẹ lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, ó ní òun máa lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn. Olóògbé ní, “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹun. Ebi ń pa mí.” Ó sì jẹun tẹ́rùn. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá fẹ́ wọ ilé onípákó, á kan ilẹ̀kùn, á dúró, títí wọn á fi ní kó wọlé. Ìgbà kan wà tí wọ́n ní kó padà wá lọ́la. Ó padà wá lọ́la.

Ní 1991, àwọn ayálégbé kóra jọ, wọ́n lọ bá Alága nípa àwọn òrùlé, àwọn fúnra wọn. Ó tún wọn ṣe, ó ń kùn bó ti ń tún wọn ṣe. Nígbà tí aya Alága kú, ó pẹ́ tó fi ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú ilé onípákó kó tó wọlé. Ayanja na apá kan àwọ̀n sí i. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kókó tó ta lọ́jọ́ náà burú ju ti Màmá lọ.

Olóògbé fẹ̀yìn tì ní 2006. Ó jẹ́ olùjọ́sìn tòótọ́, ó kọ́ kíláàsì àwọn ìyá nínú ìjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì gbà kí wọ́n ya àga iwájú sọ́tọ̀ fún òun. Ó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ láìgba owó. Ìbéèrè tó máa ń fi ṣí ẹ̀kọ́ ni, “Ta ló ń gbifọ̀? Kí sì ni tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà?” Àwọn tó kọ́ ti wà káàkiri báyìí, àwọn mìíràn nínú wọn sì jẹ́ ọmọ etí omi.

Àrùn ọkàn-àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú ní 2020. Kò ráhùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2022, nínú ilé rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó jáde láyé ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

Ó fi ọkọ sílẹ̀ sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́rin: nọ́ọ̀sì, olùkọ́, ẹlẹ́rọ, àti káfíńtà, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, àbúrò méjì, àti àwọn ará etí omi, tí wọ́n ní kí a kọ orúkọ wọn mọ́ ti ẹbí. A ti kọ ọ́.

Nígbà tí a mú ọjọ́ ìsìnkú yìí, ẹbí ránṣẹ́ sí etí omi pé kí wọ́n ti ilé onípákó lónìí, kí wọ́n fi bọlá fún un. Ayanja ti darúgbó gan-an, àmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èsì ti wá. Ó ní, “Ẹ bá wa kí Bàbá. Àwọn kan nínú wa máa wá sin ín. Àmọ́ a ò ní í tì í. Obìnrin kan ti ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti ọjọ́ mẹ́ta, kò tíì sọ̀rọ̀, a ò sì fẹ́ kó bá ilẹ̀kùn ní títì.” Wọ́n jẹ́ iṣẹ́ náà fún ọkọ olóògbé. Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àṣẹ tiwọn ni.”

Nítorí náà, bí ẹ ti ń ka ìwé yìí lọ́wọ́, ilé náà ṣí sílẹ̀.

Ìyá àwọn ọmọ, aya àtàtà, o ṣe é tọkàntọkàn, o sì fi í sílẹ̀ tọkàntọkàn. Máa sùn ní àlàáfíà. Kí ilẹ̀ fúyẹ́ lára rẹ, kí Ẹlẹ́dàá rẹ sì gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀.